Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Pẹpẹ Ìjíròrò Yorùbá Lórí WhatsApp: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tó ń tọ́jú gúrúùpù WhatsApp tí a ti ń sọ Yorùbá ni ìdáhùn wọ̀nyí wà fún: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde ilé ìwé, mọ̀lẹ́bí tó ti tàn ká ayé, àwọn olùfẹ́ èdè àti àṣà. Dídá pẹpẹ sílẹ̀ kò le, ìṣẹ́jú méjì ni. Ibi tó le ni kí ọ̀rọ̀ má gbẹ lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹta, ibẹ̀ sì ni a ó ti pẹ́ jù.

Ènìyàn mélòó ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

WhatsApp gba ènìyàn 1,024 sínú gúrúùpù kan, ṣùgbọ́n ẹ má wo ti iye yẹn. Ẹ fi ènìyàn 15 sí 30 bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá kéré sí 15, ọjọ́ tí ẹni mẹ́ta bá lọ sí òde ìgbéyàwó, pẹpẹ á dá páropáro. Bí wọ́n bá ju 30 lọ kí wọ́n tó mojú ara wọn, oníkálukú á máa rò pé ẹlòmíràn á dáhùn, ẹnikẹ́ni kò sì ní dáhùn.

Kí ẹ tó ṣí i, ẹ wá ènìyàn márùn-ún, ẹ pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, kí wọ́n máa dá sí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ẹ mú wọn láti ibi tó yàtọ̀ síra: àgbà kan, ọ̀dọ́ kan, ẹnìkan tó ń gbé òkè òkun, ẹnìkan tó mọ Yorùbá kọ dáadáa, àti ẹnìkan tí ẹnu rẹ̀ kàn dùn. Ẹ má fojú kékeré wo ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn yìí. Onímọ̀ ń mú kí àwọn ènìyàn gbọ́. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn ló ń mú kí wọ́n fèsì.

Ẹ má fa ẹnikẹ́ni wọlé láìjẹ́ pé ẹ ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó kàn jí lówùúrọ̀ tó bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí, ńṣe ló máa pa ohùn ìkìlọ̀ rẹ̀ mọ́ lẹ́nu, kò sì ní ṣí i mọ́. Líǹkì pẹ̀lú, ẹ má jù ú sí ìta gbangba. Bí ó bá ti ta sí ìta, ẹ tẹ Reset link kí ti àtijọ́ lè kú, kí ẹ sì tan Approve new members nínú ètò gúrúùpù, kí ó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ó máa ṣílẹ̀kùn fún àlejò.

Ṣé Telegram kò dára ju WhatsApp lọ?

Ní ti ohun èlò, Telegram jù ú lọ. Ó gba ènìyàn 200,000, a lè fi nọ́ńbà fóònù pamọ́ níbẹ̀, a lè pín ìjíròrò sí ẹ̀ka ẹ̀ka, a sì lè pa ẹnìkan ṣoṣo lẹ́nu mọ́ fún wákàtí díẹ̀ láìlé e jáde. WhatsApp kò ní èyí tó kẹ́yìn yẹn: bóyá kí gbogbo ènìyàn máa sọ̀rọ̀, tàbí kí ó jẹ́ ádímìn (àwọn tó ń tọ́jú gúrúùpù) nìkan, tàbí kí a yọ ẹni náà.

Síbẹ̀ WhatsApp ni ìyá àti bàbá yín ti mọ̀ ọ́n lò. Dátà tí ẹlòmíràn sì ń rà, ti WhatsApp nìkan ni. Bí ó bá jẹ́ pé àgbà lẹ ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ẹ má kó wọn lọ síbi tí wọn yóò ti tún kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń tẹ fóònù.

Àwa 200 la wà lórí pẹpẹ, ènìyàn mẹ́wàá péré ló ń sọ̀rọ̀. Kí ló burú?

Bóyá ohunkóhun kò burú. Ní 2006, Jakob Nielsen, tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ bí ènìyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ pé níbi púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú ènìyàn 100, 90 á máa kà láìsọ nǹkan kan, 9 á máa dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa sọ èyí tó pọ̀ jù. Pẹpẹ tí ènìyàn ti mọ ara wọn máa ń sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìyá àgbà kan lè wà tó ń ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ọkọ rẹ̀ ní alaalẹ́ láìtẹ lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó wù láti sọ̀rọ̀ tí nǹkan sì dì wọ́n lọ́wọ́. Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń dì wọ́n lọ́wọ́. Èkíní, ẹ̀rù àmì ohùn ń bà wọ́n, pé ẹnìkan á tún Yorùbá wọn ṣe lójú gbogbo ayé. Èkejì, àgbà ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọmọdé kò sì fẹ́ kí wọ́n ní òun ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ẹ̀kẹta, wọ́n ṣí fóònù, wọ́n bá ọ̀rọ̀ 140 tí wọn kò tíì kà, wọ́n wá rò pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àwọn. Ẹ̀kẹrin ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ń dunni jù: wọ́n ti sọ̀rọ̀ rí lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni kò sì dá wọn lóhùn.

Kí ni ká ṣe sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́?

Bí ẹ kò bá ní ṣe ohun mìíràn nínú gbogbo ohun tí a sọ níhìn-ín, ẹ ṣe èyí. Ẹni tó kọ́kọ́ la ẹnu tí kò rí ẹni dá a lóhùn ti gba ìdáhùn lójú ara rẹ̀: ó ti gbà pé wọn kò fẹ́ òun. Ẹ lè gbé ìbéèrè tó dára jù lọ láyé kalẹ̀ lọ́la, kò ní dá sí i.

Ẹ pín ọjọ́ láàárín àwọn ádímìn, kí ó jẹ́ pé lójoojúmọ́ ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí ó má sí ẹni tuntun kan tó máa sọ̀rọ̀ tí wákàtí méjì yóò kọjá lórí rẹ̀ láìsí èsì. Kí èsì náà wà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an: ẹ fi ìka fa ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀tún kí èsì yín lè so mọ́ ọn, kí ó má baà sọnù sáàárín ti ẹlòmíràn. Ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú ohun tó sọ, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kékeré lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Ìbéèrè ọjọ́ náà ni: kí ni wọ́n ń pe oúnjẹ tí a fi ewùrà rírin sè ní ìlú yín? Bàbá kan tí kò sọ̀rọ̀ láti oṣù méjì wá kọ ọ́ pé: «Ikokore ni awa n pe e ni Ijebu.» Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Bí ádímìn bá fi àtàǹpàkò kan sí i, ó parí síbẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́ pé «Ẹ ṣé sà, ìkọ́kọrẹ́ ni a ṣe ń kọ ọ́», bàbá náà ti di akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá wí, kò ní padà wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ pé: «Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ìkọ́kọrẹ́! Ẹ jọ̀ọ́ sà, nílé tiyín, ṣé epo ló ń kọ́kọ́ wọ inú omi ni, àbí ewùrà?» Bàbá á dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ á ní kó fún òun ní fóònù, òun ló mọ̀ ọ́n sè. Ará Oǹdó kan á dìde pé àwọn náà ń jẹ ẹ́. Àmì ohùn tó péye sì ti wà lójú gbogbo ènìyàn láìjẹ́ pé a dójú ti ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ ó bi ẹni náà, ẹ pe ẹlòmíràn sí i: «Ìyá Ìbejì, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìlárá?» Ẹ fi @ dárúkọ onítọ̀hún kí fóònù rẹ̀ lè dún. Ẹni méjì péré ni kí ẹ pè báyìí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ti ń pe gbogbo ènìyàn pọ̀, bí ìgbà tí a kò pe ẹnikẹ́ni ni.

Irú ìbéèrè wo ló ń mú kí wọ́n sọ̀rọ̀?

Èyí tí ènìyàn lè dáhùn ní ìlà kan, láti inú ìrántí ara rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé irọ́ ni. «Kí ni èrò yín nípa àṣà ìsọmọlórúkọ?» kò dára. Ìdánwò nìyẹn, onímọ̀ nìkan ló máa dáhùn rẹ̀. «Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ yín àkọ́kọ́ lórúkọ, yàtọ̀ sí omi, oyin àti iyọ̀, kí ni nǹkan mìíràn tó wà nínú àwo?» dára. Ẹnìkan á ní orógbó, ẹnìkan á ní atare, ẹnìkan á ní ìrèké, ẹlòmíràn á ní pásítọ̀ àwọn kò fẹ́ kankan nínú rẹ̀, ìjíròrò gidi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwòrán tún ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ ya ọlọ, ìjábẹ̀ tàbí ìkòkò kan ní ilé, kí ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ìlú oníkálukú. Àwòrán kan, ìbéèrè kan. Bí ẹ bá kó àwòrán mẹ́fà jọ, wọn á wò ó, wọn á kọjá.

Fún onítìjú, ẹ lo poll, ìyẹn ìbéèrè tí a ti to ìdáhùn sí abẹ́ rẹ̀ kí oníkálukú yan tirẹ̀. Ó gba ìdáhùn 12, títẹ̀ lásán ni, kò gba àkọtọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ padà wá: «Ènìyàn 23 ló ní àmàlà iṣu ju láfún lọ. Ẹ̀yin Ẹ̀gbá, ẹ wá gbèjà ara yín o.» Poll ṣílẹ̀kùn, ìbéèrè kejì yìí ló ń mú wọn wọlé.

Ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó. Ojoojúmọ́ ti pọ̀ jù, nítorí pé ti òní á bo ti àná mọ́lẹ̀ kí ẹni tó wà níbi iṣẹ́ tó dé. Bí ìròyìn ikú bá sì dé sórí pẹpẹ, ẹ dá ìbéèrè dúró fún ọjọ́ kan odindi. Kò yẹ kí a máa béèrè ọ̀rọ̀ àmàlà lórí òkú ọmọ ẹgbẹ́.

Agogo mélòó ni kí n gbé ìbéèrè kalẹ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn wa ti fọ́n ká?

Agogo 8 alẹ́ Nàìjíríà ló bá ọ̀pọ̀ jù mu. Aago Benin àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Ti Togo fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago Ìlú Ọba bá tiwa dọ́gba, ìyókù ọdún sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Agogo 8 alẹ́ wa jẹ́ agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ní Salvador, ní Bahia, ó sì jẹ́ agogo 2 ọ̀sán ní Houston, tí yóò di agogo 1 bí òtútù bá dé. Àwọn ará Houston wà níbi iṣẹ́ nígbà náà, nítorí náà ẹ má kéde pé ìjíròrò ti parí lálẹ́ yẹn. Ẹ fún un ní ọjọ́ kan àbọ̀.

Ọjọ́ Sátidé, òde ló ni ín. Ọ̀sán Ẹtì, Jímọ̀ ló ni ín. Àárọ̀ Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ín, ṣùgbọ́n alẹ́ Sọ́ńdè dára púpọ̀, oníkálukú ti délé, ó ti sinmi.

Ṣé kí a fi dandan lé àmì ohùn?

Rárá. Ẹ lè fi dandan lé e lórí ara yín. Ọ̀rọ̀ tí ádímìn bá kọ gbọ́dọ̀ ní àmì tó pé, torí òun ni àwọn tó ń kà yóò máa wò kọ́. Ẹ má fi lé ẹlòmíràn lórí.

Òótọ́ ni pé àìsí àmì ń da ọ̀rọ̀ rú. Bí ìyá kan bá kọ «Oko mi ra oko tuntun», ọkọ rẹ̀ ni tàbí oko rẹ̀, kí ló sì rà? Ẹ wo bí a ṣe lè tún un ṣe láìtún un ṣe: «Ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun, Mà! Kí Ọlọ́run fi ìṣọ́ rẹ̀ ṣọ́ Bàbá lójú pópó. Irú ọkọ̀ wo ni?» Ó ti rí ọkọ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ó sì rí i pé ohun tí òun sọ ni wọ́n gbọ́, wọn kò wo bí òun ṣe kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Bí àwọn kan bá fẹ́ kọ́ àkọtọ́ ní ti gidi, ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún un, ẹ jẹ́ kí àwọn tó bá fẹ́ kí a tún tiwọn ṣe fúnra wọn gbé e wá.

Ẹ tún ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú fóònù wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kọ àmì nítorí wọn kò mọ ibi tó wà. Lórí fóònù Android tó ń lo Gboard, ìyẹn bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ti Google: ẹ ṣí ètò Gboard, ẹ wọ Languages, ẹ tẹ Add keyboard, ẹ wá Yoruba, ẹ fi kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ di lẹ́tà mú láìgbé ìka, àwọn tó ní àmì á jáde. Ẹ ṣe àwòrán ojú fóònù ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi pamọ́ fún ẹni tuntun.

Ohun kan wà tó ń da àwọn ènìyàn láàmú níbi yìí. Lẹ́tà bíi ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní ààyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ẹ tàbí ọ ni a ń kọ, a óò wá gbé àmì lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí àmì fi máa ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó di àpótí kékeré lórí fóònù àtijọ́, ìdí kan náà nìyẹn tí a fi lè wá ọ̀rọ̀ nínú ìjíròrò tí a kò ní rí i bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Fóònù ló fà á, ẹni tó kọ ọ́ kò ṣe àṣìṣe. Ẹ sọ ọ́ fún wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ kì í sọ̀rọ̀ níwájú àgbà. Àbí kí a ya wọ́n sọ́tọ̀?

Ẹ má yà wọ́n. Ẹ fi òfin kan lélẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ni gbogbo ènìyàn ń pè ní «ẹ», àgbà pẹ̀lú ọmọdé, torí a kò rí ojú ara wa, a kò sì mọ ẹni tó ju ẹni lọ. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ń tu àwọn ọ̀dọ́ lára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ máa béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀ tí àgbà kò mọ̀: kí ni Yorùbá tí àwọn ọmọ ń sọ ní ilé ìwé báyìí, báwo ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ Yorùbá wọn ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò fi bàjẹ́. Ọjọ́ tí àgbà bá béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ ọmọdé, ọmọ náà ti di ọmọ pẹpẹ.

Ìkíni àárọ̀ nìkan ló kún pẹpẹ. Ṣé kí n fòfin dè é?

Yorùbá kì í fòfin de ìkíni. Ẹni tó ní kí wọ́n má kí òun ti lé àlejò padà. Ṣùgbọ́n «Ẹ káàárọ̀» 40 máa ń ti ìbéèrè àná sókè títí ojú kò fi ní tó o mọ́. Kí ádímìn kí gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní agogo 7 àárọ̀, kí ó sì bẹ àwọn tó kù pé kí wọ́n tẹ àmì ọkàn tàbí ti ọwọ́ àdúrà sórí ìkíni náà dípò kíkọ tuntun. Ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò fi mọ́ wọn lára. Bí pẹpẹ yín bá tóbi, ẹ lo Community láti ní gúrúùpù méjì lábẹ́ orúkọ kan, ọ̀kan fún ìkíni àti àdúrà, ọ̀kan fún ìjíròrò.

Òfin mélòó ló tó?

Márùn-ún, kí ó wọ ojú fóònù kan láìfà á sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àpèjúwe gúrúùpù, kí ẹ sì fi í ṣe pin, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a so mọ́ òkè ìjíròrò. Pin mẹ́ta ni WhatsApp gbà lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ 30 ni ó sì pẹ́ jù, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó tún un ṣe sínú kàlẹ́ńdà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni ti fọ́wọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí a gbà níbòmíràn tí a kàn tún fi ránṣẹ́. Ẹ má sọ pé kò sí fọ́wọ́ọ̀dù rárá, wọn kò ní pa á mọ́. Ẹ sọ pé ẹni tó bá fọ́wọ́ọ̀dù nǹkan gbọ́dọ̀ fi ìlà kan ti ara rẹ̀ kún un, ìdí tó fi gbé e wá. Èyí tó bá ní ọfà méjì lórí, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti kọjá, ẹ béèrè ibi tó ti wá. Èyí tí kò ní ìlà, ádímìn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á pa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Kí ẹ tó pa á rẹ́, ẹ kọ sí ẹni náà ní ìkọ̀kọ̀: «Ẹ má bínú sà, mo fẹ́ yọ fídíò yẹn nítorí òfin wa. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ yín tì í, ẹ tún un gbé wá.» Ẹni tí a pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́ láìsọ fún un á kà á sí ìwọ̀sí.

Nọ́ńbà fóònù oníkálukú lè hàn sí gbogbo ẹni tó wà nínú gúrúùpù WhatsApp. Ẹ fi í sínú òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú nọ́ńbà níbẹ̀ láti lọ polówó ọjà tàbí láti kọ sí obìnrin tí kò mọ̀ ọ́n. Èyí ni kí ẹ yọ ènìyàn fún láìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀sìn tàbí òṣèlú. Kí ni mo máa ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́?

Ẹ wọ ètò gúrúùpù, ẹ ti Send new messages kí ó jẹ́ ádímìn nìkan. Ẹ kọ ìlà méjì péré: «Ẹ jọ̀wọ́, a ti ilẹ̀kùn di agogo 7 òwúrọ̀. A ó bá àwọn tó kàn sọ̀rọ̀.» Ẹ má sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ má pa gbogbo ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Kìkì èébú ni kí ẹ pa, torí bí gbogbo rẹ̀ bá pòórá, oníkálukú á sọ ìtàn tirẹ̀ bó ṣe wù ú.

Lẹ́yìn náà, ẹ pè wọ́n. Fóònù ni, kì í ṣe kíkọ. Ohùn ń rọ ohun tí ọ̀rọ̀ kíkọ ń mú le. Bí àgbà kan bá wà tí àwọn méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún, òun ni kó kọ́kọ́ pè. Ní agogo 7, ẹ ṣí i ní àkókò tí ẹ sọ gan-an, ẹ sì ti ní ìbéèrè mìíràn lọ́wọ́, èyí tó tutù. Bí ẹ bá ṣí i lásán, wọn á padà síbi tí wọ́n ti jà.

Ṣé kí n yọ àwọn tí kì í sọ̀rọ̀?

Ẹ má ṣe é. «Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ Sátidé, a ó yọ ọ́» máa ń mú ènìyàn 30 kọ «mo wà níbí o», lẹ́yìn ìyẹn wọn á tún dákẹ́, pẹ̀lú ìbínú lọ́tẹ̀ yìí. Láti 2022, ádímìn nìkan ni WhatsApp ń fi tó létí tí ènìyàn bá jáde. Ẹ má kéde rẹ̀. Ẹ kọ sí i ní ìkọ̀kọ̀ pé ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá nǹkan kan bí i nínú. Ohun tí àwọn tó jáde bá sọ ló máa ń fi hàn yín ibi tí òrùlé ti ń jò.

Àwọn kan kò lè tẹ ọ̀rọ̀, ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ṣé ó dára?

Ó dára gidigidi, pàápàá fún àgbà, torí ẹ̀ka èdè ìlú wọn wà nínú ohùn yẹn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí ẹlòmíràn sì kọ ìlà kan sí abẹ́ rẹ̀ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀, fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tàbí níbi iṣẹ́. Fídíò ló ń jẹ dátà. Ẹ kọ́ àwọn ènìyàn yín láti wọ Settings, Storage and data, kí wọ́n yọ fídíò kúrò nínú ohun tó ń wọlé fúnra rẹ̀.

Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ń yá owó lórí pẹpẹ, ìbéèrè náà kò sì jọ tirẹ̀.

Olè ti gba WhatsApp rẹ̀. Kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà kan wọlé sórí fóònù rẹ̀, ẹnìkan sì tàn án pé kó fi ránṣẹ́, bóyá lórúkọ ìpàdé tàbí ẹ̀bùn. Ẹ yọ nọ́ńbà fóònù ọmọ ẹgbẹ́ náà kúrò lórí pẹpẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n má san kọ́bọ̀, ẹ pè é lórí ìlà fóònù lásán. Kó ṣí WhatsApp, kó tẹ nọ́ńbà rẹ̀, kó gba kóòdù tuntun, kó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: olè á jáde. Bí olè bá ti fi PIN dí i, onítọ̀hún lè ní láti dúró fún ọjọ́ 7 kó tó wọlé, ṣùgbọ́n olè náà kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín wọ Settings, Account, Two-step verification, kí ẹ fi PIN tiyín sí i kí olè tó fi tirẹ̀.

Ádímìn mélòó ló yẹ kó wà?

Mẹ́ta sí márùn-ún, kí wọ́n má sì gbé ilé kan náà. Bí ádímìn kan ṣoṣo bá jáde, WhatsApp fúnra rẹ̀ á yan ẹnikẹ́ni sípò, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò wọ ibẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé pẹpẹ wa wà láàyè?

Ẹ má ka iye ọ̀rọ̀. Ènìyàn mẹ́ta lè kọ 400 lọ́sẹ̀ kan. Ní alẹ́ Sọ́ńdè, ẹ mú ìwé, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀: ènìyàn mélòó ló sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, mélòó nínú wọn ló jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ wọn, àti ìgbà mélòó ni ọmọ ẹgbẹ́ dá ọmọ ẹgbẹ́ lóhùn kí ádímìn tó dé. Ẹ̀kẹta yìí ni kí ẹ fojú sí jù.

Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá ń dínkù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ọ̀rọ̀ sì ń pọ̀ sí i, ẹni méjì tàbí mẹ́ta ti gba pẹpẹ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Wọn kì í ṣe ọ̀tá, wọ́n fẹ́ràn ibẹ̀ ni. Ẹ pè wọ́n, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn, kí ẹ wá gbé iṣẹ́ kan fún wọn: kí wọ́n jẹ́ kí ẹni mẹ́ta kọ́kọ́ fèsì sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó wá mú ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, kí wọ́n bi í ní ohun kan sí i.